Kẹ́ ẹ tó ra ṣọ́ọ̀kù tuntun sí mọ́tò yín: bá a ṣe ń yan èyí tó dáa, àti ibi tí wáráńtì ẹ̀ mọ

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bó ṣe ṣe mí. Sienna 2006 ni mo ń wà, àárín Ìjẹ̀dẹ̀ sí Sábó ní Ìkòròdú ni mo sì ń ná jù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà yẹn, ẹ ò nílò kí n ṣàlàyé kankan. Ṣọ́ọ̀kù iwájú méjèèjì kú, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà ní òun á bá mi rà á, ó rà á lóòótọ́, ó kó o sínú kọ̀nténà tó ń bọ̀ nílé, nígbà tó dé mo rí i tí wọ́n kọ "limited lifetime warranty" gàdàgbà sára páálí. Ha! Inú mi dùn. Mo sọ fún mẹkáníìkì mi pé èmi àti ríra ṣọ́ọ̀kù ti parí títí mo máa fi ta mọ́tò yìí. Nígbà tó máa fi pé oṣù mẹ́jọ tí wọ́n dè é, ọ̀kan ti ń da ọ́ìlì. Ẹ̀gbọ́n mi mú rìsíìtì, ó padà lọ síbi tó ti rà á, ìbéèrè mẹ́ta péré ni wọ́n bi í: mọ́tò ta ni, níbo ni mọ́tò náà wà, ta ló dè é? Ọmọlúàbí ni ẹ̀gbọ́n mi, ó sọ òótọ́, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. Wọn ò parọ́ fún wa o, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n kọ sínú ìwé kékeré tó wà nínú páálí, èmi ni mo sọ ìwé yẹn nù pẹ̀lú ọ̀rá ẹ̀.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń fara balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kù, ohun tí mo sì ti kọ́ nìyí, mo tò ó bí mo ṣe máa ń ṣe é gan-an.

Àkọ́kọ́: ṣé ṣọ́ọ̀kù ló bàjẹ́ lóòótọ́?

Sípíríngì ló ń gbé mọ́tò, ṣọ́ọ̀kù kọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò mọ ìyẹn. Tí táyà bá wọ kòtò, sípíríngì á sún kì, á tún ta padà, tí kò bá sẹ́ni tó dá a dúró á máa ta lọ ni. Ṣọ́ọ̀kù ló ń dá a dúró. Ọ́ìlì ló wà nínú ẹ̀, písítìn kan ń lọ ń bọ̀ láàárín ọ́ìlì yẹn, ihò tóóró tóóró ló wà lára písítìn náà, tipátipá ni ọ́ìlì fi ń gba ibẹ̀ kọjá, òun ni kò jẹ́ kí sípíríngì máa jó bó ṣe wù ú. Torí náà tí mọ́tò yín bá kàn tẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó kúnlẹ̀, tí ẹ ò sì kó ẹrù kankan sínú ẹ̀, ẹ má lọ ra ṣọ́ọ̀kù, sípíríngì ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò.

Àyẹ̀wò tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni kéèyàn fi gbogbo ara tẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì ní igun kan, kó fi í sílẹ̀ lójijì. Tó bá gòkè tó sì jókòó jẹ́ẹ́, kò burú. Tó bá ń jó lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin, ṣọ́ọ̀kù igun yẹn ti rẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, tí kò bá jó, ìyẹn ò ní kó dáa, torí ọwọ́ èèyàn ò lè tẹ mọ́tò bí gálọ́ọ̀pù ṣe ń gbá a, ṣọ́ọ̀kù tó ti ń kú lọ máa ń ṣe bí ẹni tí ara ẹ̀ le níwájú mẹkáníìkì, tẹ́ ẹ bá wá dórí eré á bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Ẹ wo bó ṣe ń ṣe lọ́nà: tẹ́ ẹ bá tẹ búréèkì, ṣé imú ẹ̀ ń ki mọ́lẹ̀ jù? Tẹ́ ẹ bá yà, ṣé ó ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọkọ̀ ojú omi Èbúté? Ẹ fọwọ́ pa ojú táyà kiri, tó bá rí gbágungbàgun, ibì kan jẹ, ibì kan ò jẹ, táyà yẹn ti ń fò lórí títì dípò kó máa yí, ṣọ́ọ̀kù sì ni wọ́n máa ń fura sí jù nínú irú ẹ̀.

Ti ọ́ìlì wá. Ẹ wọ abẹ́ mọ́tò. Tẹ́ ẹ bá rí i pé òkè ara ṣọ́ọ̀kù kàn ní òógùn díẹ̀, tí eruku lẹ̀ mọ́ ọn fẹ́ẹ́rẹ́, kì í ṣe àrùn, ọ̀pá tó ń wọlé tó ń jáde yẹn ní láti máa gbé ọ́ìlì díẹ̀ jáde kí rọ́bà ẹnu ẹ̀ má baà gbẹ. Èyí tó bá ń ṣàn, tó ti dé ìsàlẹ̀, tó ń kán sílẹ̀, ìyẹn ló ti lọ. Ẹ rántí ìyàtọ̀ yìí dáadáa torí a máa padà sí i nígbà tá a bá dé ọ̀rọ̀ wáráńtì.

Ariwo ńkọ́? Ariwo ló ń jẹ owó àwọn èèyàn wa jù. Mọ́tò bá ti ń dún kó-kó-kó, ṣọ́ọ̀kù ni wọ́n á ní ó jẹ́, bẹ́ẹ̀ línkéèjì stabilizer ló sábà máa ń jẹ́, tàbí búṣìn (rọ́bà tó wà lójú oríkèé) lower arm, tàbí máúntìn orí ṣọ́ọ̀kù, tàbí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tí ìyẹn tiẹ̀ burú jù torí tó bá já lórí eré, táyà á ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Ẹ ò wá ní fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa pa làpálàpá. Ẹ ní kí wọ́n fi jáàkì gbé e, kí wọ́n mi gbogbo ìyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan níṣojú yín. Línkéèjì ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ṣọ́ọ̀kù.

Èkejì: ẹ mọ mọ́tò yín ní nọ́ńbà, ẹ má mọ̀ ọ́n lórúkọ nìkan

"Ẹ fún mi ní ṣọ́ọ̀kù Camry" ò tó. Camry wo? Drop light, Big Daddy, Muscle? Èyí tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà tàbí ti Yúróòpù? Ti Sienna tèmi yìí gan-an, èyí tó ń fi táyà iwájú nìkan wakọ̀ wà, èyí tó ń fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wakọ̀ náà wà, ẹ̀yìn wọn ò sì rí bákan náà. Ẹ kọ ṣásísì nọ́ńbà yín sílẹ̀, ó jẹ́ 17, lẹ́tà àti fígọ̀, ó wà lára dáṣíbọ́ọ̀dù níbi gíláàsì iwájú, àti lára ibi tí ilẹ̀kùn dírẹ́bà ń tì mọ́. Òun ni wọ́n fi ń wá nọ́ńbà páàtì tó bá mọ́tò yín mu gan-an.

Tí ṣọ́ọ̀kù tó wà lábẹ́ ẹ̀ bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò, ẹ fi àkísà nu ara ẹ̀, ẹ máa rí nọ́ńbà. Fún Toyota, 48510 ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ti iwájú ọwọ́ ọ̀tún, 48520 sì ni ti iwájú ọwọ́ òsì, kí nọ́ńbà yòókù tó tẹ̀ lé e. Ìyẹn fi hàn yín pé ọ̀tún àti òsì iwájú kì í ṣe ìkan náà, ibi tí okùn búréèkì àti línkéèjì ń so mọ́ lára wọn yàtọ̀. Mo ti rí ẹni tó ra òsì méjì ní ọjà páàtì Ládípọ̀, tó gbé e dé Ìkòròdú kó tó mọ̀, ẹ sì mọ ohun tí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Máìlì 12 ń fojú èèyàn rí, lílọ kan bíbọ̀ kan.

Ẹ ya nọ́ńbà yẹn ní fọ́tò. Ẹ fi sórí fóònù. Ó máa wúlò lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀kẹta: èwo gan-an lẹ fẹ́ rà?

Ọjà mẹ́rin ló wà níta, àti òótọ́ àti èké. Oríjínà ti ilé iṣẹ́ mọ́tò fúnra ẹ̀, tuntun láti ọ̀dọ̀ àwọn tó kàn ń ṣe ṣọ́ọ̀kù bíi KYB tí àwọn ará ọjà ń pè ní Kayaba (Japan ni wọ́n ti wá, orúkọ ẹni tó dá a sílẹ̀ ni Kayaba), Monroe ti Amẹ́ríkà, Sachs àti Bilstein ti Jámánì, tòkunbọ̀, àti èyí tí wọ́n ti lù lójú, tí wọ́n tún rọ ọ́ìlì sí, tí wọ́n fi wẹ́dà dí i, tí wọ́n wá fi pẹ́ńtì dúdú kùn ún. Ti ìkẹyìn yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sá. Bí wọ́n ṣe ṣe ihò ẹnu ẹ̀ níjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é kò ṣeé tún ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, gáàsì tó wà nínú ẹ̀ ti fẹ́ lọ, ọ́ìlì tí wọ́n sì ń rọ sí i nígbà míì, ti ẹ́ńjìnnì lásán ni.

Tòkunbọ̀, mi ò ní purọ́, èmi náà ti lò ó. Owó ló ń fà á. Àmọ́ ẹni kan ò mọ iye máìlì tó ti rìn níbi tó ti wá. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi Monroe fúnra wọn ní kéèyàn yẹ ṣọ́ọ̀kù wò tó bá ti rin 50,000 máìlì, bíi 80,000 kìlómítà nìyẹn, ojú ọ̀nà tó dáa ni wọ́n sì ń wò kí wọ́n tó sọ ọ́ o, wọn ò tíì gba Ìgbógbó kọjá nígbà òjò. Tó bá pọn dandan, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí: ẹ gbé e dúró lóòró bó ṣe máa wà lára mọ́tò, kì í ṣe lórí ìdùbúlẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ ẹ fà á sókè bí ẹ̀ẹ̀mẹrin ẹ̀ẹ̀márùn-ún kí afẹ́fẹ́ kúrò nínú ẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe le níbẹ̀rẹ̀ ló yẹ kó le dé òpin. Tó bá dé ibì kan tó kàn ń já fẹ́ẹ́, bíi pé kò sí nǹkan nínú ẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ wo ọ̀pá dídán yẹn náà, tó bá ti dípẹtà, tó bá ní àmì ibi tí páláyà ti gbá a mú, kò ní pẹ́ tó fi máa jò. Fún ẹ̀yìn Sienna tí ṣọ́ọ̀kù dá wà tí sípíríngì dá wà, tí kò gba wákàtí kan láti pààrọ̀, mo lè fi tòkunbọ̀ gbìyànjú. Iwájú, rárá, torí gbogbo ẹ̀ ni wọ́n máa tú, owó iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì sì máa ta owó tuntun yọ.

Tó bá jẹ́ tuntun, wọ́n á bi yín: ọ́ìlì ni àbí gáàsì? Gbogbo wọn ló ní ọ́ìlì. Èyí tí wọ́n ń pè ní gáàsì, wọ́n fi náítírójìn há ọ́ìlì náà mọ́ kó má baà máa hó bí ọṣẹ tí wọ́n pò, torí tẹ́ ẹ bá wà lórí gálọ́ọ̀pù fún ìgbà pípẹ́, ọ́ìlì tó bá ti hó kò lè dá nǹkan kan dúró mọ́. Ẹ lè dá a mọ̀: tẹ́ ẹ bá tú okùn tí wọ́n fi dì í, ọ̀pá ti gáàsì á rọra dìde fúnra ẹ̀, ti ọ́ìlì lásán á dúró síbi tẹ́ ẹ fi í sí. Fún ọ̀nà wa, gáàsì ni mo fara mọ́.

Oríṣi méjì tún ni agolo ẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù, agolo méjì ni, ọ̀kan nínú ìkejì. Èkejì jẹ́ agolo kan ṣoṣo, gáàsì inú ẹ̀ le gan-an, Bilstein ló gbajúmọ̀ fún un, mọ́tò Mercedes ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi í sí láti ilé iṣẹ́ ní 1957. Ó dáa, ó máa ń tètè tutù, mọ́tò á jókòó sójú títì bí ìjòkó ọba. Àmọ́ tí òkúta kan bá ta bà á tó sì tẹ̀ wọnú pẹ́rẹ́, ó parí, torí ara agolo yẹn gan-an ni písítìn ń rìn lórí ẹ̀. Èyí tó ní agolo méjì lè gba òkúta díẹ̀ kó ṣì máa ṣiṣẹ́. Ẹ wá wo ọ̀nà tẹ́ ẹ ń gbà. Ẹ tún ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ ra èyí tó le jù torí ọ̀nà ò dáa, èyí tó le jù ò mọ̀ pé kòtò kéré, gbogbo ẹ̀ ló máa gbé fún máúntìn, fún búṣìn, àti fún ìdí yín.

Méjì méjì ni wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀. Iwájú méjèèjì tàbí ẹ̀yìn méjèèjì, ìkan náà, ọjọ́ kan náà. Tuntun lápá kan, ògbólógbòó lápá kejì, mọ́tò á máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ ẹ bá tẹ búréèkì lójijì.

Ẹ̀kẹrin: ní ṣọ́ọ̀bù

Ẹ má dákẹ́ níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n já páálí níṣojú yín. Nọ́ńbà tó wà lára páálí gbọ́dọ̀ bá nọ́ńbà tó wà lára ṣọ́ọ̀kù mu, kí ó sì bá èyí tó wà nínú fóònù yín mu tàbí kí wọ́n fi hàn yín pé òun ló rọ́pò ẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tẹ̀wé sára ẹ̀, èyí tí wọ́n bá fi sítíkà wọ́rọ́wọ́rọ́ lẹ̀ mọ́ ọn, tí lẹ́tà ẹ̀ wọ́, ẹ bi ara yín léèrè. "Made in Japan" nìkan kọ́ ni àmì oríjínà o, KYB fúnra ẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ní Spain àti Thailand, torí náà tẹ́ ẹ bá rí ibòmíì lára ẹ̀ ẹ má tètè sá, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá kọ Japan sára ayédèrú ò níṣòro kankan. Ẹ gbé ti ọwọ́ kan àti ti ìkejì wò, ìwọ̀n wọn ò gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá bọ́ńpù stopper (èyí tí kì í jẹ́ kí ṣọ́ọ̀kù tẹ̀ wọlé jù) àti rọ́bà tó bo ọ̀pá wà nínú ẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ rà á lọ́tọ̀, ibẹ̀ náà ni. Ìdí ẹ̀ ń bọ̀.

Ẹ̀karùn-ún: wáráńtì, kẹ́ ẹ tó sanwó, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí. Wáráńtì ò ní kí ṣọ́ọ̀kù má bàjẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé tó bá jẹ́ pé àṣìṣe wà nínú bí wọ́n ṣe ṣe é ní ilé iṣẹ́, àwọn á fún yín ní òmíràn. Kòtò kì í ṣe àṣìṣe ilé iṣẹ́. Ẹrù àpọ̀jù kì í ṣe àṣìṣe ilé iṣẹ́. Torí náà gbogbo ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé yẹn, ọ̀nà láti fi ìyàtọ̀ hàn láàárín méjèèjì ni, àwọn ló sì kọ ọ́.

"Lifetime" tó gbá mi mú yẹn, ẹ̀mí ta ni? Mo rò pé ẹ̀mí mọ́tò ni. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé wọn, ìgbà tí ẹni tó kọ́kọ́ rà á bá fi ní mọ́tò tí wọ́n kọ́kọ́ dè é sí ni. Tẹ́ ẹ bá ta mọ́tò, ó parí. Tí ẹlòmíì bá rà á fún yín, òun ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ̀ yín, ohun tó ká ẹ̀gbọ́n mi mọ́ nìyẹn. Ibi tí wọ́n ti tà á náà wà níbẹ̀: èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, mọ́tò tó ń rìn ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ń ro, kì í ṣe èyí tó wà ní Odogúnyàn.

Iṣẹ́ tí mọ́tò ń ṣe ńkọ́? Fún ara ẹni ni ọ̀pọ̀ wáráńtì yẹn wà fún. Tí mọ́tò bá ti ń gbé èrò gbowó, wọ́n máa ń yọ ọ́ kúrò, tàbí kí wọ́n gé ọjọ́ ẹ̀ kúrú gan-an. Kì í ṣe kòròpe àti dáńfó nìkan o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi Corolla ṣe Bolt lópin ọ̀sẹ̀, àti èmi tí mo ń kó èrò mẹ́rin kábúkábú láàárọ̀ láti fi ra epo, a wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Gbígbé mọ́tò sókè. Ẹ mọ̀ pé àwọn èèyàn wa fẹ́ràn kí wọ́n ki nǹkan sórí sípíríngì kí ìsàlẹ̀ mọ́tò má baà máa ha ilẹ̀, mo mọ ìdí ẹ̀, èmi náà ti rò ó. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e sókè, ṣọ́ọ̀kù náà á na ara ẹ̀ tán, díẹ̀ ló máa kù fún un kó fi na ara tí táyà bá bọ́ sínú kòtò, á máa gbá òkè ara ẹ̀ gbàgà gbàgà. Kò ní pẹ́. Wáráńtì sì ti lọ níjọ́ tẹ́ ẹ ki nǹkan yẹn sí i.

Owó iṣẹ́ kì í sí nínú ẹ̀. Wọ́n á fún yín ní ṣọ́ọ̀kù, ẹ̀yin lẹ máa san owó mẹkáníìkì, owó aláìmẹ́ńtì, àti owó táyà tó ti jẹ. Ọ̀kan tó bàjẹ́ ni wọ́n á fún yín, kì í ṣe méjì. Èyí tí wọ́n bá sì fi rọ́pò ẹ̀, ọjọ́ àtijọ́ ló sábà máa ń jogún, kì í bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Òógùn ọ́ìlì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, wọn kì í gbà á gẹ́gẹ́ bí àìsàn, ó gbọ́dọ̀ máa ṣàn kí wọ́n tó dá yín lóhùn.

Ti ibí ńkọ́, ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta páàtì fún wa? Èmi ò fojú kéré ẹ̀ mọ́. Oṣù kan sí mẹ́ta tí ẹni tẹ́ ẹ lè rìn dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ kọ sórí rìsíìtì, ó sàn ju lifetime tó wà lókè òkun lọ. Àmọ́ kó kọ ọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣèyọnu, tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ ẹ gbé e padà wá," ohun tí ẹnu sọ nìyẹn, afẹ́fẹ́ ti gbé e lọ. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí, mo fi rẹ́rìn-ín sọ ọ́ kó má dà bí ìjà: "Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi kọ nọ́ńbà méjèèjì síbẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ òní, kẹ́ ẹ kọ pé oṣù mẹ́ta tó bá ń jò tàbí tó bá rọ̀, kẹ́ ẹ wá buwọ́ lù ú." Ẹni tó bá mọ ohun tó ń tà máa kọ ọ́. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ṣé ẹ ò fọkàn tán òun ni, mo máa ń kí i pé ó dàbọ̀. Ẹ bi í pẹ̀lú: ṣé owó lẹ máa dá padà ni àbí ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀? Tí irú ẹ̀ ò bá sí lọ́jà nígbà yẹn ńkọ́? Ṣé mo lè lo mẹkáníìkì tèmi àbí tiyín ni dandan? Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló ń ba nǹkan jẹ́ jù, torí ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sọ ni pé mẹkáníìkì yín ló bà á jẹ́.

Ohun tí wọ́n máa ń tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì, pé ọjà tẹ́ ẹ bá ti rà ẹ ò lè dá a padà, kò ju òfin lọ. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2018, tó dá FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, sílẹ̀, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dáa, tó lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tà á fún, tó sì lè pẹ́ bó ṣe yẹ. Àjọ irú ẹ̀ ti ìpínlẹ̀ Èkó náà wà, LASCOPA lorúkọ ẹ̀. Àmọ́ ẹ ò lè fi ẹnu lásán lọ síbẹ̀, ìwé ni wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè.

Ẹ̀kẹfà: bí wọ́n ṣe ń dè é

Ẹ dúró tì wọ́n. Mi ò ní kẹ́ ẹ máa pàṣẹ fún mẹkáníìkì o, ẹ kàn ra gààrí mumi kẹ́ ẹ jókòó síbẹ̀. Nǹkan díẹ̀ ló wà tó ń pa ṣọ́ọ̀kù tuntun lọ́jọ́ tí wọ́n dè é.

Páláyà. Tí nọ́ọ̀tù orí ẹ̀ bá ń yí pẹ̀lú ọ̀pá, àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń fi páláyà gbá ọ̀pá dídán yẹn mú kó má yí mọ́. Ó tán. Ibi tí eyín páláyà há á á máa gé rọ́bà ẹnu ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá wọlé tó bá jáde. Tẹ́ ẹ bá gbé e padà, ibẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ wò, tí wọ́n bá rí i, ẹ ò ní ẹjọ́ kankan rò. Ibi tí wọ́n fi ń di ọ̀pá mú wà lórí ẹ̀ gan-an, sípánà kékeré tàbí alẹ́ńkì ló ń gbà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí wọ́n má fi ẹ̀rọ tó ń ta nọ́ọ̀tù tàtà-tàtà de orí ẹ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ parí ẹ̀.

Rọ́bà tó bo ọ̀pá àti bọ́ńpù stopper, tuntun ni kí wọ́n fi sí i. Yanrìn àti omi ẹrẹ̀ tó ń ta sókè lábẹ́ mọ́tò lásìkò òjò, tí kò bá sí rọ́bà yẹn, ara ọ̀pá ló ń lọ tààrà, yanrìn á ha á, ha á, ha á, rọ́bà ẹnu á ya. Tí stopper ò bá sí, kòtò kan ṣoṣo lè mú kí písítìn lọ gbá ìdí agolo. Àwọn ilé iṣẹ́ mọ èyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní gba ẹjọ́ yín tí wọ́n bá rí i pé ti àtijọ́ lẹ lò tàbí pé ẹ ò lo ìkankan. Máúntìn náà, tó bá ti ń ya, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí wọ́n tó dè é, kí wọ́n gbé e dúró kí wọ́n fà á tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà mẹ́rin márùn-ún bí mo ṣe sọ fún tòkunbọ̀, torí orí ìdùbúlẹ̀ ló wà nínú kọ̀nténà. Bóòtù tó bá gba àárín búṣìn kọjá, kí wọ́n má dè é pinpin nígbà tí táyà ṣì wà lófuurufú, kí wọ́n sọ mọ́tò kalẹ̀ kó jókòó kí wọ́n tó fún un, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ búṣìn á lọ́ ara ẹ̀ mọ́ra lójoojúmọ́ ayé ẹ̀ títí á fi ya. Ti iwájú tí sípíríngì wà lára ẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń ki sípíríngì pọ̀ gbọ́dọ̀ pé méjì, kó sì dáa, ẹ má dúró síwájú ẹ̀, sípíríngì tó bá já lè pa èèyàn, mi ò fi ṣeré. Lẹ́yìn ẹ̀, aláìmẹ́ńtì, kẹ́ ẹ sì gba ìwé ẹ̀, torí ìwé yẹn náà ń jẹ́rìí sí ọjọ́ tẹ́ ẹ dè é.

Kó tó kúrò níbẹ̀, ẹ ya fọ́tò ṣọ́ọ̀kù méjèèjì lára mọ́tò, kí nọ́ńbà hàn, kẹ́ ẹ ya fígọ̀ máìlì tó wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Tọ́jọ́ bá ti pẹ́ ẹ ò ní rántí.

Tó bá wá bàjẹ́ ńkọ́?

Ẹ má tú u kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò ẹ̀ níbi tó wà, kí ọ́ìlì tó ṣàn náà hàn. Ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lù ú wò láti mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ (ọmọ iṣẹ́ kan fẹ́ ṣe é fún mi, mo pariwo). Ẹ pe ẹni tó tà á kẹ́ ẹ tó gbé e lọ, kó lè mọ̀ pé láàárín ọjọ́ ẹ̀ lẹ pè, kẹ́ ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp kó lè ní ọjọ́ lára. Ẹ fi rìsíìtì gan-an pamọ́ sílé, ẹ mú fótókópì dání.

Èyí tó wà lábẹ́ Sienna mi báyìí, ẹ̀gbẹ́ Ògolóńtò níbí ni mo ti rà á, oṣù mẹ́ta ni Àlàájì kọ síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ keje, ti ọwọ́ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Mo gbé fọ́tò àti rìsíìtì lọ, ó gbé tọ́ọ̀ṣì, ó wọ abẹ́ mọ́tò fúnra ẹ̀ nínú jálàbíà ẹ̀, ó wo ọ̀pá, ó wo stopper, ó ní "kò sí páláyà lára ẹ̀", ó sì fún mi ní òmíràn. Èmi ni mo san owó iṣẹ́ àti aláìmẹ́ńtì. Mo ní kó bá mi kọ oṣù mẹ́ta tuntun sórí rìsíìtì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ti àtijọ́ ṣì ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kí n lọ máa lò ó.